Ẹ̀fọn Ọ̀sán ní Kòsọ́fẹ́: Ṣé Oògùn Ṣì Ń Ràn Án?

Ní ilé tí mò ń gbé ní Kétu, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni wọ́n máa ń fín oògùn sí gbogbo yàrá, wọn a sì pa ilẹ̀kùn dé. Bí ẹ̀fọn bá tún jẹ wá lóru, àwọn àgbà ilé á ní oògùn ti mọ́ ọn lára ni. Ọ̀rọ̀ wọn sún mọ́ òótọ́, àmọ́ kò dé ibẹ̀. Ẹ̀fọn kan kì í kọ́ bí a ti ń fara da oògùn. Àwọn díẹ̀ wà láàrin wọn tí a bí agbára yẹn mọ́. Oògùn á pa àwọn yòókù, àwọn díẹ̀ yìí á ṣẹ́kù, àwọn ni yóò sì yé ẹyin. Bí a bá ń fín irú oògùn kan náà lọ, ọmọ wọn ni yóò gba àdúgbò.

Kí ló wà nínú agbára yìí? DDT àti àwọn oògùn pyrethroid, tó wà nínú ọ̀pọ̀ agolo tí a ń fín, ibì kan náà ni wọ́n ń kọlù: ẹnu ọ̀nà tí èròjà sodium ń gbà wọ inú iṣan ìmọ̀lára ẹ̀fọn. Bí ẹnu ọ̀nà yẹn bá yí díẹ̀, oògùn kò ní rí ibi dì mú. A ń pè é ní kdr. Ìdí nìyí tí ẹ̀fọn tí DDT kò ràn fi lè fara da pyrethroid tí kò bá pàdé rí. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù P450 inú ara rẹ̀ ló ń fọ́ oògùn náà sí wẹ́wẹ́ kó tó dé iṣan.

Ní Kòsọ́fẹ́ níbí, àwọn onímọ̀ ti fi DDT àti deltamethrin dán Anopheles gambiae àti Culex quinquefasciatus wò. Wọ́n bá àwọn tí oògùn méjèèjì kò ràn, wọ́n sì yẹ iṣẹ́ P450 wò lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn òru ni àwọn méjèèjì. Èyí tó ń gbé ibà dengue kiri ni Aedes aegypti, dúdú tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, tó ń jẹni lọ́sàn-án gangan. Nẹ́ẹ̀tì tí a ń sùn sí lóru kò kàn án. Inú táyà àlòkù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, kẹ́ẹ̀gì tó ti ya àti dúrọ́ọ̀mù omi ni tanwíjí rẹ̀ ń gbé. Ẹyin rẹ̀ lè gbẹ fún oṣù mélòó kan, kó sì pa nígbà tí òjò bá rọ̀ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àìsàn ilẹ̀ òkèèrè ni dengue. Láàrin 1964 sí 1968, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn rí kòkòrò àrùn náà, oríṣi kìíní àti ìkejì, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe. Àwa ṣì ń pe gbogbo ibà ní málaríà.

Ṣé a lè wá tìtorí èsì ti Anopheles sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Aedes rí? Rárá o. Nínú ìdánwò àjọ WHO, a ó kó abo ẹ̀fọn ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ sínú túùbù tí bébà olóògùn wà nínú rẹ̀, fún wákàtí kan. Lẹ́yìn wákàtí 24 ni a ó ka òkú. Bí 98% tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá kú, oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tó 90%, kò ràn wọ́n mọ́. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìṣe ni bébà: ti Anopheles jẹ́ deltamethrin 0.05%, ti Aedes jẹ́ 0.03%. Ẹni tó bá fi bébà àkọ́kọ́ dán Aedes wò lè rí òkú rẹpẹtẹ, kó sì rò pé kò séwu.

Ní Gánà, ìwádìí tó jáde ní 2016 rí ìyípadà kdr tí wọ́n ń pè ní F1534C lára Aedes. Ní Èkó, èyí tó jáde ní 2015 dán Aedes wò ní ibi oko àti ibi tí kì í ṣe oko, nítorí oògùn tí àgbẹ̀ ń fín náà lè ṣàn wọ omi tí tanwíjí wà.

Ẹni tó bá ń wá àkọlé fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ gbé ife dúdú kéékèèké tó ní omi àti bébà síbi òjìji ní Kétu, Ìkòsì àti Mile 12. Ẹ kó ẹyin tó bá lẹ̀ mọ́ bébà náà, ẹ tọ́ ọ dàgbà, kí ẹ dán àwọn abo wò nígbà tí wọ́n bá pé ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Kí ẹ tó kó ife náà kúrò, ẹ da omi inú rẹ̀ nù sórí ilẹ̀ gbígbẹ.