Ẹ̀kọ́ Wa: Ẹ̀yìnkùlé Ilé Àyágbé Kí Òjò Tó Dé



Ní Kano níbí, òjò kì í sábà fìdí múlẹ̀ kí oṣù kẹfà tó wọlé. Gbogbo ohun tí ọyẹ́ ti kó jọ sí ẹ̀yìnkùlé wa, ewé dongoyaro, èèpo iṣu, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, òjò yẹn ni wọ́n ń dúró dè. Bí a kò bá kó wọn, àkọ́rọ̀ òjò ni yóò gbá wọn sínú gọ́tà. Gọ́tà yóò dí, omi ẹ̀gbin yóò wọ yàrá, yóò sì ya sínú kànga. Irú kànga bẹ́ẹ̀ ni onígbáméjì ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni dídànù. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, nítorí ilẹ̀ onílẹ̀ ni, kí ẹ sì gbẹ́ kòtò tó mu àgbà dé ìbàdí, níbi tó jìnnà sí kànga. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ewé gbígbẹ, kí èèpo àti ewébẹ̀ ilé ìdáná tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí àgùntàn, tí àwọn Hausa ń lò ṣe taki. Ẹ fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi eegun tàbí ọbẹ̀ olóròóró sí i, eku ni yóò pè. Ọ̀rá àti òkú bátìrì kò jẹrà rí, ẹ ṣà wọ́n kúrò. Ẹ máa wọ́n omi sí i kó tutù bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Omi àlùwàlá tó ń ṣòfò tó o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fi ṣọ́bìrì yí i padà. Inú rẹ̀ yóò gbóná bó ṣe ń jẹrà. Èyí tí a bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta lè dúdú dáadáa kí a tó gbin nǹkan, kò sì ní rùn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìgbẹ́ ẹran yóò ba aṣọ ìrun jẹ́. Ní ọ̀nà Imam Maliki tí a ń tọ̀, ìgbẹ́ ẹran tó tọ́ ní jíjẹ kì í ṣe nájísì, àfi bí ẹran náà bá ń jẹ ẹ̀gbin. Nítorí náà, adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri inú gọ́tà, ẹ yọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ti ènìyàn àti ti ajá kò gba àríyànjiyàn. Ohun tí kò yé mi ni pé a ń sá fún ìgbẹ́ ewúrẹ́, a sì ń da omi póò ọmọ sí gọ́tà tó gba iwájú ilé ẹlòmíràn kọjá. Bẹ́ẹ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́, ó sì kọ́ wa pé ohun tí Mùsùlùmí gbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran jẹ níbẹ̀, sàráà ni fún un.

Pínpín ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Kí ilá àti tẹ̀tẹ̀ tó wọ ilẹ̀, kí gbogbo yàrá fẹnu kò sórí ìpín, pẹ̀lú aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹni tó bá ti lọ sílé nígbà tí a ń gbẹ́ kòtò, kí ó san owó díẹ̀ dípò iṣẹ́ rẹ̀, kí a sì yọ ìpín tirẹ̀ fún un.