Fúláàsì Tí Yóò Pa Ooru Mọ́ Títí Di Ọ̀sán Lóko

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí fúláàsì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé lọ sóko láàárọ̀ kí tíì tàbí ẹ̀kọ mímu má baà tutù kí ọ̀sán tó pọ́n. Oríṣiríṣi ni ó wà lọ́jà, olúkúlùkù oníṣòwò ni ó sì ń sọ pé tòun ni ó dára jù. Ó yẹ kí ẹ lè dán wọn wò fúnra yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju adùn ẹnu lọ. Ẹ̀kọ tí ó ń lọ́wọ́ọ́wọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán lè fa èébì àti inú rírun fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n lọ sóko.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà kúrò lára ohun gbígbóná. Ó ń gba ara ohun tí ó bá fara kàn án kọjá, gẹ́gẹ́ bí ooru iná ti ń gba ara ṣíbí irin dé ọwọ́ ẹni. Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ó sì ń tàn jáde, bí ooru oòrùn ti ń tàn dé ara wa. Ní ọdún 1892, James Dewar, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣe ìgò kan tí ara rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ó sì fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Fàdákà tí a fi kun ara gíláàsì náà ni ó ń dá ìkẹta padà, bí jígí ti ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Òtútù gan-an ni Dewar fẹ́ fi pa mọ́. Ìdí nìyí tí fúláàsì yìí kan náà fi wúlò fún ẹni tí ó ń gbé oògùn àjẹsára adìẹ pẹ̀lú omi dídì.

Fúláàsì onígíláàsì ń pa ooru mọ́ dáadáa, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá àdá gbé inú agbọ̀n kan náà. Fúláàsì onírin tí ó ní ìpele méjì, tí a ti fa afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ jáde, wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá jábọ́ lórí alùpùpù kì í fọ́. Èyí tí ó kéré lágbára jù ni oníke tí ó jẹ́ fóòmù lásán ni a kì sáàárín rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, nítorí àwọn kan wà tí ara wọn ń dán bí irin gidi, tí kò sì sí ohun kan nínú wọn ju fóòmù náà lọ. Ẹ da omi híhó sínú rẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìhà rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí ìhà náà bá gbóná, afẹ́fẹ́ ń bẹ láàárín. Kí ẹnu rẹ̀ gbóná díẹ̀ kò burú, nítorí ibẹ̀ ni ooru ti ń sá jù lára gbogbo fúláàsì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi méjì wé ara wọn, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba, nítorí ńlá tí ó kún ń pẹ́ kí ó tó tutù ju kékeré lọ. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan inú wọn, kí ẹ wá bu omi híhó láti inú ìkòkò kan náà kún àwọn méjèèjì. Ẹ gbé wọn sábẹ́ igi kan náà, kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má baà fẹ́ lu ọ̀kan ju èkejì lọ. Ẹ má ṣí wọn fún wákàtí mẹ́fà. Tẹ̀mómítà tí ó lè ka 100°C ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́. Èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń wo ibà yóò fọ́. Ẹni tí kò bá ní, kí ó gé abẹ́là kan náà sí wẹ́wẹ́, kí ó bu omi fúláàsì kọ̀ọ̀kan sínú ife, kí ó sì jù ú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tí ó bá tètè yọ́ abẹ́là ni ó gbóná jù. Bí kò bá yọ́ nínú méjèèjì, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ dín wákàtí rẹ̀ kù.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ìwọ̀n ooru ni pé oúnjẹ tí a fẹ́ pa mọ́ ní gbígbóná kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 60°C lọ. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus, inú ilẹ̀ àti ara ọkà ni ó ń gbé. Ó ní ohun kan bí irúgbìn tí omi híhó kì í pa, tí yóò sùn bí èso inú ilẹ̀ gbígbẹ, tí yóò sì hù nígbà tí ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì bá lọ́wọ́ọ́wọ́. Májèlé kan tí ó ń tú jáde wà tí kì í parẹ́ bí a bá tún oúnjẹ náà gbé kaná. Nítorí náà, ẹ̀kọ tí ó bá ti pẹ́ ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dà á nù.

Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ gbé omi híhó lásán lọ, kí tíì àti mílíìkì oníyẹ̀fun wà lọ́tọ̀, kí ẹ pò wọ́n lóko. Mílíìkì inú agolo pẹ̀lú, ẹ má ṣí i kí ẹ tó débẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ ni, kí ó ṣì máa hó nígbà tí ẹ ó dà á sínú fúláàsì tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn, kí ó kún dé ọrùn, kí ẹ sì mu ún tán láàárọ̀. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣí i wò. Bí ó bá jẹ́ onígíláàsì, ẹ mì í jẹ́jẹ́ kí ẹ tó bu fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń dún wọnran-wọnran nínú, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Ẹ má mu ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ má sì sẹ́ ẹ.