Ẹ Gbọ́ Tẹnu Àwọn Méjèèjì

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú bí mi gidigidi ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn Super Eagles, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, há sí pápákọ̀ òfuurufú Al Abraq ní Líbíyà. Benghazi ni wọ́n ń lọ láti bá Líbíyà gbá bọ́ọ̀lù, àfi bí wọ́n ṣe darí ọkọ̀ wọn síbòmíràn lójú ọ̀run. Orí àga ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ sùn mọ́jú, láìsí oúnjẹ gidi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, William Troost-Ekong, balógun wọn, ní àwọn ò gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́. Ó ṣe dáadáa. Ẹni tí ò sùn, tí ò jẹun, ẹsẹ̀ wo ni yóò fi sáré? Àjọ CAF, tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù Áfíríkà, náà gbè wá: wọ́n fún wa ní góòlù 3 àti máàkì 3, wọ́n sì ní kí Líbíyà san owó ìtanràn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn ará Líbíyà ti kọ́kọ́ ráhùn nípa ìrìn-àjò tiwọn láti Port Harcourt dé Uyo, nígbà tí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ yín ló fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá yín rín in. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyà méjèèjì ò dọ́gba, mo gbà, àmọ́ àlejò ni àlejò ń jẹ́. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá tún wá, ẹ bu omi tútù fún wọn, ẹ tọ́ wọn sọ́nà dé òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tó wá fi gbogbo agbára nà wọ́n lórí pápá.