Èésú Inú Omi Tútù

Ẹni tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ tàbí Àpápá kì í ṣe àjèjì sí omi. Ṣùgbọ́n ká máa rí omi lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí ká mọ̀ ọ́n wẹ̀. Lónìí, ẹ jẹ́ ká kà nípa àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítorí ọmọnìkejì wọn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Akinrodoye Samuel lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Third Mainland ní Èkó, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó wẹ kìlómítà 11.8 ní nǹkan bíi wákàtí 3. Ó fẹ́ kí ẹni tí ayé sú mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ wà, kí ó má pa ara rẹ̀. Òun nìkan ló wẹ̀ ẹ́. Omi ọ̀sà wa kò sì tutù púpọ̀.

Òkun tó tutù nini

Òkun kan wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé. Níbi tó tóóró jù, ó tó kìlómítà 33. Matthew Webb dá a wẹ̀ já ní ọdún 1875. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí 22 nínú omi.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn mìíràn ń pín in wẹ̀, bí ẹni ń dá èésú. Ẹni 6 ló sábà ń kóra jọ, ọkọ̀ ojú omi a sì máa tẹ̀ lé wọn. Ẹni kìíní á wẹ̀ fún wákàtí 1, ẹnì kejì á gbà á, títí á fi kan ẹni kẹfà. Lẹ́yìn náà, á tún kan ẹni kìíní. Bí ẹnì kan ò bá lè wẹ wákàtí tirẹ̀ tán, iṣẹ́ gbogbo wọn bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi í wá owó fún ilé ìwòsàn tàbí fún aláìní.

Ohun tí òtútù ń ṣe

Bí ènìyàn bá ṣàdédé bọ́ sínú omi tútù, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí omi bá wọ ọ̀fun rẹ̀ nígbà náà, ó lè kú. Bó bá pẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á kú tipiri.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn fún oṣù púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n á wọ aṣọ gbígbẹ kíá, wọ́n á mu ohun tó gbóná. Ọtí kọ́ o! Ọtí kì í lé òtútù. Ńṣe ló ń mú kí ooru ara tètè jáde.

Ẹ̀kọ́ fún wa

1. Ẹ má dá lúwẹ̀ẹ́ láé.
2. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbi tí ọkọ̀ òkun ń gbà ní Àpápá.
3. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì.
4. Bí ẹnì kan bá ń rì, ẹ má kàn bẹ́ sómi tọ̀ ọ́. Ẹ pariwo, kí ẹ sì ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí Akinrodoye fi lúwẹ̀ẹ́?
2. Báwo ni wíwẹ̀ àwọn ẹni 6 ṣe jọ èésú?
3. Kí lẹ máa ṣe bí ẹ bá rí ẹni tó ń rì?