Pínpín Tàbí Àjọlò? Àlàyé Lórí Ìrántí Àwòrán Láàrin Kọ̀ǹpútà Onílé àti Kọ̀ǹpútà Àlejò

1.0 Ìfáárà
Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "share", ní ìtumọ̀ méjì tí Yorùbá yà sọ́tọ̀. A máa ń pín iṣu, kí oníkálukú lè gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í pín kànga, ńṣe ni a jọ ń pọnmi nínú rẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé olùkọ́ tí ó bá ń fi "pínpín" túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí níbi gbogbo nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà méjì ń gbà lo àwòrán kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

2.0 Onílé àti Àlejò
Ó ṣeé ṣe kí a fi ètò iṣẹ́ dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà gidi. Èyí tí a lè fọwọ́ kàn ni a ó pè ní onílé. Èyí tí ń gbé inú rẹ̀ ni àlejò. Onílé a máa bu apá kan nínú ìrántí rẹ̀ fún àlejò. Pínpín nìyí lóòótọ́. Odi sì wà láàrin wọn, kí àṣìṣe àlejò má baà ba ilé jẹ́.

3.0 Ìnira Àdàkọ
Orí ojú kọ̀ǹpútà onílé ni a ti sábà máa ń wo àwòrán àlejò. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí àlejò ya àwòrán sínú ìrántí tirẹ̀, kí onílé sì dà á kọ sínú ìrántí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó ní ẹyọ àmì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4, ń fẹ́ báìtì 8,294,400 fún àwòrán kan. Bí àwòrán bá ń yí padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báìtì 497,664,000 ni a ó máa dà kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

4.0 Ọ̀nà Àjọlò
Ìpele-ìpele ni ojútùú fi dé sínú Linux. Ní ọdún 2012 ni DMA-BUF wọlé: dípò kí ètò kan gbé àwòrán fún òmíràn, nọ́ńbà kan tí ń tọ́ka sí ibi tí àwòrán wà ni yóò fà lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 2018, udmabuf dé, èyí tí ó lè kó àwọn ojú-ìwé ìrántí àlejò jọ sábẹ́ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Báìtì 4,096 ni ojú-ìwé kan sábà máa ń gbà. Nítorí náà, ojú-ìwé 2,025 ni àwòrán tí a ṣírò lókè yóò gbà, wọ́n sì lè fọ́n káàkiri. Ní ọdún 2021, virtio-gpu, tí àlejò fi ń bá onílé sọ̀rọ̀ nípa àwòrán, gba ọ̀nà yìí láàyè. Onílé lè wá lo àwòrán níbi tí àlejò yà á sí gan-an.

Ṣùgbọ́n àjọlò ní òfin. Èkíní ni dídúró de ara ẹni. Bí àlejò bá tún ya òmíràn lé àyè náà nígbà tí onílé ṣì ń kà á, ìdajì àwòrán àtijọ́ àti ìdajì tuntun yóò hàn pọ̀. Àmì ìparí ni wọ́n fi ń dènà èyí. Èkejì ni èdìdì. Udmabuf kì í gba ìrántí tí a kò tíì fi èdìdì dè pé kò ní dínkù, kí onílé má baà máa ka ohun tí kò sí mọ́.

5.0 Ìlò Nínú Kíláàsì
Kí olùkọ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ méjì jáde. Kí ọ̀kan ya àwòrán sórí wàláà, kí èkejì dà á kọ sínú ìwé kí ó tó fi han kíláàsì. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí èkejì kàn yí wàláà náà sí kíláàsì. Kí olùkọ́ wá béèrè pé: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ayàwòrán bá nu wàláà nígbà tí ẹ ṣì ń wò ó?

6.0 Ìgúnlẹ̀
Ìrántí ni a pín fún àlejò. Àyè àwòrán ni òun àti onílé jọ ń lò. Ẹni tí ó gba ìpín tirẹ̀ kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ "pínpín" nìkan kò ní lè rí ìdí tí àmì ìparí àti èdìdì fi pọn dandan. Nítorí náà, kí àwa olùkọ́ èdè má fi yíyan ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan.