Ṣé Onítúbà Lè Di Olùdarí Báńdì?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Sankaryaré ní Ouagadougou ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni bàbá mi ti ń tajà. Túbà ni mò ń fọn nínú báńdì ìjọ wa. Mo fẹ́ di olùdarí báńdì, kí n sì máa fi orin jẹun. Bàbá mi ní ẹni tó ń fọn pú-pù lẹ́yìn ò lè ṣe aṣíwájú, pé kí n jókòó ti ọjà. Kí ni kí n ṣe?
Onítúbà, Sankaryaré

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bá mi kí bàbá. Ọ̀rọ̀ ọjà tí wọ́n sọ kò burú, a ó padà sí i. Ti ẹni ẹ̀yìn yẹn ni mi ò gbà. Ọmọ Skọ́tláǹdì ni James Gourlay. Túbà ló fọn ní City of Birmingham Symphony Orchestra, ní BBC Symphony Orchestra àti ní ilé opera Zurich. Òun náà ló wá di olùdarí River City Brass ní Pittsburgh, Amẹ́ríkà. Kò yà mí lẹ́nu. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá yẹ̀, kọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń fọn dáadáa á dà bí ẹni tó ṣì í. Ìwọ tí o ń gbọ́ orin láti ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùdarí, o kàn ò tíì mọ̀ ni.

Ìwé orin ló kù. Nínú báńdì idẹ irú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, treble clef ni gbogbo fèrè ń kà, títí kan túbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àfi trombone bass nìkan. Ṣùgbọ́n C tí kọ́nẹ́ẹ̀tì B♭ bá kà, B♭ ló ń dún. Ti họ́ọ̀nù E♭, E♭ ni. Olùdarí tí èyí ò sí lórí rẹ̀ á máa bá ẹni tí kò ṣẹ̀ wí. Mú orin ìjọ kan tó ní ohùn mẹ́rin, fi ọwọ́ kọ ọ́ fún fèrè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọn ọ́ níṣojú rẹ. Ìyẹn sàn ju kí o máa ju ọ̀pá níwájú dígí lọ.

Má sì gbàgbé pé bí idẹ bá gbóná, ohùn rẹ̀ á ga. O mọ oòrùn oṣù kẹrin ní Ouagadougou: má ṣe tún ohùn ṣe nínú yàrá, kí o wá kó báńdì jáde sínú oòrùn. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa há fáàfù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òróró fáàfù ni o máa fi tọ́jú rẹ̀.

Ní ti owó, túbà nìkan kì í sáàbà bọ́ ènìyàn níhìn-ín. Wo Gangbé Brass Band ní Benin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994: sousaphone, túbà tí à ń gbé kọ́ èjìká tó yí ara ká, ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ wọn. Kọ́ bí a ti ń fi í rìn, nítorí ìnáwó àti òkú ṣíṣe ló ń pe báńdì jù. Fi kíkọ́ ọmọdé àti títún fèrè ṣe kún un. Báńdì ológun a máa béèrè ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, nítorí náà yẹ ìwé rẹ wò kí o tó gbọ́kàn lé e. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, INAFAC tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà wà nítòsí rẹ ní Ouagadougou. Ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Onikan, Èkó, ń ṣe díplómà ọdún méjì. Béèrè bóyá wọ́n ní olùkọ́ túbà kí o tó sanwó.

Ọjà ńkọ́? Má fi í sílẹ̀. Túbà wọ́n, ṣọ́ọ̀bù bàbá ló sì máa rà á. Tí o bá kọ orin ìjọ yẹn tán, fi abala túbà ránṣẹ́ sí mi kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.