Bí Àpáta Ti Ń Gun Àpáta, Àti Ohun Tí Ó Kan Àgbẹ̀ Níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ àpáta tí ó yọ orí ní agbègbè Ìlọrin ni ó ní ìlà dúdú àti funfun lára, bí aṣọ òfì. Kí a lè mọ ibi tí ìlà wọ̀nyí ti wá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn òkè kan tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn wa.

Níbi tí omi bá ń kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ jọ sí, ìpele kan a máa gun èkejì lórí, bí ìgbà tí a tẹ́ ẹní lé ẹní. Èyí tí a kọ́kọ́ tẹ́ ni ó wà nísàlẹ̀; òun ni ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ fún ìpele wọ̀nyí pọ̀, wọn a ká, wọn a sì ya níkẹyìn. Ojú ibi tí ó ya kì í nàró ṣánṣán. Dídagun ni ó máa ń dagun, apá kan a sì gba orí rẹ̀ rọra gun èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń dé orí àbúrò.

Irú èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀wọ́ òkè tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Accra, tí ó la ilẹ̀ Togo já, tí ó sì dé Atakora ní àríwá ilẹ̀ Benin. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ìhà tiwa rọ́ lu ilẹ̀ líle àtijọ́ tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì ti àpáta gun orí ìpele iyanrìn ilẹ̀ Volta. Òkúta dúdú tí ooru ti sè nísàlẹ̀ jíjìn réré wà lónìí lórí òkè àwọn Kabiyè, nítòsí ìlú Kara. Ìfúnpọ̀ ìgbà náà kò yọ ilẹ̀ wa sílẹ̀: òun náà ni ó tẹ àpáta wa, tí ó sì fa ìlà sí i lára.

Kí ni èyí kan àgbẹ̀? Èkíní, ilẹ̀ oko kì í nípọn lórí òkè. Nítorí náà ni àwọn Kabiyè ṣe ń to òkúta ní ìbú òkè, kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè níhìn-ín lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Èkejì ni ti omi. Àpáta tí kò sán kò ní omi nínú. Nígbà kan, àwa ará ilé-ìwé wa fi odidi oṣù kan gbẹ́ kànga sórí àpáta dídì. Ọwọ́ wa bó, omi kò yọ, àwọn ọmọ sì ń mu omi àbàtà títí inú fi ń run wọ́n. Nígbà tí a sún sí ẹsẹ̀ òkè, níbi tí òkúta ti sán tí ó sì ti jẹrà, omi yọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: ojú sísán tí omi ń gbà wọ kànga ni ẹ̀gbin náà ń gbà. Ẹ má ṣe gbẹ́ ṣáláńgá sí apá òkè kànga, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.